Ìró àti bùbá, bùbù, híjàbù, abáyà tàbí ẹ̀há: èwo ló bá ọjọ́ orí àti iṣẹ́ yín mu?

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Kàbbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè méjì ló máa ń pàdé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì á gbé aṣọ lé èjìká, á ní, "Àǹtí, ṣé èyí ò ní sọ mí di ìyá àgbà?" Ìyá tó ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó á gbé irú aṣọ kan náà, á ní, "Ìyàwó wa, ṣé wọn ò ní sọ pé mo fẹ́ padà di ọmọge?" Àwọn méjèèjì fẹ́ bo ara bí Ọlọ́hun ṣe pa á láṣẹ, wọ́n sì fẹ́ kí aṣọ náà yẹ àwọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Èrò pé aṣọ kan jẹ́ ti arúgbó, òmíràn jẹ́ ti ọmọdé, kò dúró lójú kan rí. Nígbà tí àwọn ìyá wa wà lọ́mọge nílẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, gèlé tàbí ìborùn lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Mùsùlùmí fi ń jáde. Ìgbà tí obìnrin bá ti Mẹ́kà dé ló tó máa ń bo orí bo ọrùn, tó bá sì rẹ́rìn-ín, eyín góòlù á yọ. Bíbo ara wá di àmì pé èèyàn ti dàgbà, pé ó ti rówó, pé ó ti parí ọmọ bíbí. Lónìí, ọmọ ló ń wọ híjàbù tó kan orúnkún, ìyá rẹ̀ ló ń wé gèlé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi yí padà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, bẹ̀rẹ̀ ní 1954. FOMWAN, tó kó àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí jọ káàkiri Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Iléekéwú pọ̀ sí i, ọjà Dubai sì kó abáyà wọ ìlú. Ní 2017, wọn ò jẹ́ kí Amasa Firdaus, tó kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, wọlé síbi tí wọ́n ti ń gba àwọn agbẹjọ́rò tuntun, nítorí híjàbù orí rẹ̀. Ní 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú híjàbù náà lórí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjàbù ní ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Ọmọ tó dàgbà sínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò rí híjàbù bí aṣọ arúgbó mọ́. Aṣọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló rí i sí.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí "ti arúgbó" àti "ti ọmọdé" máa yan aṣọ fún wa. Ara yín, iṣẹ́ yín àti àwọn èèyàn tí ẹ ń bá gbé ni kí ẹ fi yàn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àṣẹ ẹ̀sìn ló ṣáájú. Áyà 31 nínú Súrà Núúrù ní kí àwọn onígbàgbọ́ obìnrin fi ìbòrí wọn bo àyà wọn. Áyà 59 nínú Súrà Ahsáàbù ní kí wọ́n fa aṣọ àwọ̀lékè wọn bo ara. Kò sí ibi tí a ti dárúkọ àwọ̀ dúdú níbẹ̀, kò sì sí ibi tí a ti ní kí aṣọ ti òkèèrè wá. Ohun tí àwọn àáfà ń tẹnu mọ́ ni pé kí aṣọ fẹ̀, kí ó má fún mọ́ ara, kí ó má sì fẹ́lẹ́ débi tí ara á fi hàn. Tó bá di orí ìrun, ìlànà Máálíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé ní gbogbo ara obìnrin la ó bò àfi ojú àti ọwọ́. Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀. Aṣọ tó bá dé ọrùn ẹsẹ̀ nìkan nílò ìbọ̀sẹ̀ nígbà ìrun.

Áyà kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀, torí pé àwọn ọmọ kì í sábà kà á fún wọn. Áyà 60 ni, nínú Súrà Núúrù kan náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin tó ti dàgbà débi pé wọn ò retí ọkọ mọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn tí wọ́n bá bọ́ aṣọ wọn lélẹ̀, bí wọn ò bá ti fi ọ̀ṣọ́ hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí wọ́n ṣọ́ ara wọn ló sàn jù fún wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní aṣọ àwọ̀lékè ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ara àgbà kì í ṣe ara ọmọge, ó sì mú ẹrù kúrò lórí àgbà. Tí ọmọ ogún ọdún bá wá ń bá ìyá rẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún jà pé híjàbù rẹ̀ kò gùn tó tòun, kí ó kọ́kọ́ ka áyà yẹn. Ìyá tó bá sì yàn láti máa wọ tirẹ̀ lọ ní gígùn, èyí tó sàn jù náà ló yàn. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Lẹ́yìn ẹ̀sìn, ooru àti iṣẹ́. Lọ́kọ́ja wà lábẹ́ Òkè Pátì níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ẹni tó bá sì ti rìn ní ọjà rẹ̀ lọ́sàn-án oṣù Kẹta mọ irú ooru tí mò ń sọ. Kàbbà àti àwọn ìlú Yàgbà tutù díẹ̀ jù ú lọ. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń gbẹ ètè, eruku rẹ̀ sì máa ń rọ̀ mọ́ aṣọ dúdú. Obìnrin tó ń yan gàrí, èyí tó ń ṣa kajú àti èyí tó ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì kò lè wọ aṣọ kan náà.

Owó tún wà níbẹ̀. Ẹ má wo iye tí wọ́n pe aṣọ nìkan, ẹ wo ohun tó tún máa fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, iye ọdún tó máa lò, àti bóyá ẹ lè fọ̀ ọ́ nílé. Ẹbí wá ló kẹ́yìn. Nílẹ̀ Òkun, àbúrò lè jẹ́ Kìrìsítẹ́nì kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, kí wọ́n sì jọ sin bàbá wọn nínú aṣọ ẹbí kan náà. Aṣọ tí kò lè bá aṣọ ẹbí rìn máa ń dá ìjà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ìjà wà.

Ìró, bùbá, gèlé àti ìborùn

Aṣọ ilé nìyí, òun ló sì rọrùn jù lọ fún owó, torí pé ó ti wà nínú àpótí yín. Yáàdì mẹ́fà àńkárá á yọ ìró, bùbá àti ìborùn fún obìnrin tí kò sanra jù. Ìró tún ní àǹfààní tí kò sí lára síkẹ́ẹ̀tì: tí ikùn bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ara bá sanra tàbí rù, ẹ tún un ró, ó parí. Ara obìnrin máa ń yí padà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ìró kì í sì í dá a lẹ́jọ́.

Níbi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó ni ọrùn àti apá. Bùbá tí ọrùn rẹ̀ gbòòrò máa ń ṣí àyà nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, apá tó dúró sí ìgúnpá kò sì tó fún ìrun. Ẹ sọ fún aránṣọ kí ó gbé ọrùn sókè, kí ó sì mú apá dé ọrùn ọwọ́. Léèsì oníhò nílò ṣímí tó dé apá, kì í ṣe èyí tó mọ sí èjìká. Gèlé ní tirẹ̀ ń fi etí àti ọrùn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àfojúsùn yín ni láti bo gbogbo rẹ̀, ẹ de fìlà kékeré tó bo etí sábẹ́ gèlé, kí ẹ wá da ìborùn tó fẹ̀ lé e lórí. Ìborùn yáàdì méjì ni mo máa ń gé. Èyí tó bá kéré sí i á máa yọ̀ kúrò léjìká ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá na ọwọ́ sí nǹkan.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Tí ẹ bá wé gèlé sọ̀ kalẹ̀ bo iwájú orí, iwájú orí kò ní kan ilẹ̀ dáadáa nígbà ìforíkanlẹ̀. Ẹ wé e sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ fi ìborùn gígùn kírun. Aṣọ òkè tó nípọn náà máa ń wúwo lórí ọrùn tó ti ń dun èèyàn tẹ́lẹ̀. Gèlé ò dùn bí i ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bí i kó yẹni, èmi á sì fi kún un fún àwọn ìyá wa pé kí ọrùn lè gbé e.

Ẹni tó bá ń pe èyí ní aṣọ arúgbó, kí ó wo Ògìdì ní Ìjùmú, ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ tí wọ́n bí ní 1951. Ìyá náà ti kọjá àádọ́rin ọdún, gèlé ńlá àti àdìrẹ ló ṣì fi ń jáde káàkiri ayé. N kò mú un wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìbora ti ẹ̀sìn. Àpẹẹrẹ ẹwà lọ́jọ́ ogbó ni.

Bùbù

Bí ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá bi mí léèrè láìsọ ohun mìíràn, bùbù ni mo máa kọ́kọ́ nà án. Aṣọ yìí kò mú ìbàdí, kò mú abíyá, atẹ́gùn sì ń wọlé láti ìsàlẹ̀ títí dé ọrùn. Àwọn tó wà ní àsìkò tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró mọ ooru tó máa ń ti inú ara sọ jáde lójijì, tí òógùn á bo èèyàn nínú ìpàdé àsálátù tí gbogbo ojú á sì yíjú wò ó. Bùbù kọ́tìnì ni oògùn aṣọ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kàmpálà dára púpọ̀ fún un, torí pé kọ́tìnì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó ń fa òógùn mu, ó sì ń gbẹ kíákíá. Sílíìkì máa ń dán lójú, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara tí òógùn bá dé, nígbà yẹn gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ bò ti hàn.

Ó kù síbi mẹ́ta tí mo máa ń bá oníbàárà mi jiyàn lé lórí. Apá ni àkọ́kọ́. Apá bùbù fẹ̀, tí ẹ bá sì gbé ọwọ́ sókè láti sọ Allāhu Akbar, ó máa yọ̀ dé ìgúnpá. Ẹ jẹ́ kí n rán apá inú tó fún díẹ̀ mọ́ ọn, tàbí kí n fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́. Rọ́bà yẹn tún ń gba apá lọ́wọ́ iná. Mo ti rí bí etí apá bùbù ṣe rọra sọ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò nígbà tí ìyá kan ń ro ọkà, tí èéfín dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú kí ó tó mọ̀.

Ìkejì ni ìsàlẹ̀. Ó wu gbogbo èèyàn kí bùbù máa wọ́lẹ̀. Fún ẹni ọgbọ̀n ọdún, kò burú. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ìṣubú ni. Mo máa ń ní kí ìyá bọ́ bàtà tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́ kalẹ̀ síwájú mi, kí ó wọ̀ ọ́ padà, kí n tó fi pínnì sí ìṣẹ́tí. Ìṣẹ́tí mi kì í kọjá egungun kókósẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ á sì ṣe ìyókù lórí ìrun. Ìkẹta ni ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n là dé orúnkún. Ẹ jẹ́ ká rán an pa.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti gba bùbù lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọn ò lè wọ̀ ọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ní báyìí, àwọn ló ń mú àwòrán rẹ̀ wá lórí fóònù, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ síbi yìgì ọ̀rẹ́ wọn. Ìyá àti ọmọ lè jọ wọ bùbù kan náà, ó kàn jẹ́ pé ti ọmọ á máa dán díẹ̀.

Bùbù nílò ìbòrí lọ́tọ̀, ẹ má gbàgbé láti ka owó yẹn mọ́ ọn.

Híjàbù

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà: èyí tó dúró sí àyà, èyí tó dé ìbàdí, àti èyí tó kan orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kéré lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè fi ọ̀kan wọ aṣọ márùn-ún. Òun ni mo fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ nímọ̀ràn. Ẹni tó ní dúdú kan, funfun kan àti aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti ní aṣọ ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ tó máa ń na ọwọ́ kọ̀wé sára pátákó, èyí tó dé ìbàdí ló dára jù, torí pé kúkúrú á máa gbéra kúrò láyà, gígùn á sì máa gbá ìwé orí tábìlì ṣubú.

Ọ̀kadà ni kí ẹ fi sọ́kàn tí ẹ bá fẹ́ gígùn. Láti Ìyàrà dé Àyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò ní ohun mìíràn láti gùn, híjàbù gígùn tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn sì lè wọnú ṣéènì tàbí táyà, kí ó fa ọrùn èèyàn. Kí ẹ tó jókòó, ẹ kó etí rẹ̀ méjèèjì jọ síwájú, ẹ jókòó lé e lórí tàbí kí ẹ de e mọ́ ìbàdí. Ẹni tó ń yan gàrí, kọ́tìnì kúkúrú tó wọ inú bùbá ni kí ó lò, nítorí aṣọ oníke, bíi pólíésítà, máa ń yọ́ mọ́ ara tí iná bá kàn án.

Etí àwọn àgbà tún ṣe pàtàkì. Ìyá tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, tí ẹ wá fi fìlà inú àti híjàbù kírépù nípọn dí etí rẹ̀, á máa sọ pé "Kí lo wí?" títí, àwọn ọmọ á sì rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́tìnì kan ṣoṣo tó fún un. Ẹni tó ń lo awò ojú, kí ó wá híjàbù tí iwájú rẹ̀ rọ̀, kí ọwọ́ awò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Irun àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń jìyà. Fìlà inú tó fún mọ́ iwájú orí lójoojúmọ́ máa ń fa irun tu, pàápàá lára ẹni tó di irun pinpin sábẹ́ rẹ̀. Irun tútù tí wọ́n de mọ́ inú aṣọ láti àárọ̀ lẹ́yìn àlùwàlá máa ń bu, ó sì máa ń yún. Tí ẹ bá dé yàrá, ẹ bọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí orí gba atẹ́gùn. Ìbòrí ìta ni, kì í ṣe ìdè.

Abáyà

Abáyà ni aṣọ tí ọjọ́ orí kì í hàn lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún àti ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n bá wọ dúdú kan náà, ẹ̀yìn wọn kò yàtọ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, mo sì mọ ìdí rẹ̀: obìnrin tí wọ́n ti ń wọn ìbàdí rẹ̀ lójú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé máa ń sinmi nínú aṣọ tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Àmọ́ tiwa níbí kì í ṣe ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà káàkiri. Dúdú ń gba oòrùn sára, aṣọ oníke kò sì jẹ́ kí òógùn jáde. Ní Lọ́kọ́ja, mo gba yín níyànjú pé kí ẹ wọ ọ́ láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn ìrun àásárì, àfi tó bá jẹ́ kọ́tìnì. Èyí tó wá láti òkèèrè wọ́n, òkúta wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ sì máa ń já lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. Ẹ yí i síta sínú kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má sì fún un. Ní tèmi, aránṣọ ilé yín lè rán an fún yín láti inú kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, kí ó bá gíga yín mu, kí owó rẹ̀ sì dín. Èyí tí wọ́n fi bẹ́líìtì mú níbàdí ti padà di gáùn, ẹ tú bẹ́líìtì náà.

Táábánì tí àwọn ọmọbìnrin ń fi bá a rìn ṣí ọrùn àti etí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ fún inú ilé. Fún ìta, ẹ da ìborùn lé e.

Ẹ̀há

Àwọn onímọ̀ kò sọ ohun kan náà lórí bíbo ojú. Àwọn kan ní ọ̀ranyàn ni, ọ̀pọ̀ ní kì í ṣe ọ̀ranyàn. Hádíìsì kan sì ní kí obìnrin má wọ níkàábù, ìyẹn aṣọ ìbojú, tàbí ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá wọ ìhúràámù fún Hájì. Mo ń rán an fún àwọn ẹlẹ́hàá, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ ìpinnu òun fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ ohun tó ti rò jinlẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé lé e lórí lọ́sẹ̀ yìgì.

Lójú ọ̀nà, ihò ojú tó kéré máa ń gé ẹ̀gbẹ́ kúrò nínú ohun tí ẹ ń rí. Ẹni tó ní gílákóómà, tí àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ìríran, kò yẹ kó fi kún un. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà, kí ó wá aṣọ tó fẹ́lẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ojú hàn níbi àyẹ̀wò tàbí ibi ìyàwòrán ìwé ìrìnnà, ẹ béèrè fún obìnrin tó máa ṣe é.

Ojú àti ọwọ́ tó kù

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn láti bá àwọn obìnrin sọ jù, torí pé aṣọ nìkan kò parí rẹ̀. Tí a bá bo gbogbo ara, ojú àti ọwọ́ ló kù tí aráyé ń rí, ibẹ̀ náà sì ni ọjọ́ orí ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Mo ti rí àwọn obìnrin tó bo ara dáadáa, tí ojú wọn ń pupa nítorí ìpara ìbóra, tí oríkèé ìka wọn sì dúdú. Àwọn ìpara kan ní mẹ́kúrì nínú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. NAFDAC ti fi òfin dè é. Kò sí híjàbù tó lè tún un ṣe.

Ewú ńkọ́? Ní ọjọ́ ìṣẹ́gun Mẹ́kà, wọ́n mú bàbá Abubakar wá síwájú Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ànọ́bì ní kí wọ́n fi nǹkan yí i padà, kí wọ́n yẹra fún dúdú. Làálì ló bá a mu jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aró dúdú pa ewú kí híjàbù tó bò ó, ẹ rántí pé inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn àáfà kan gbà á láyè fún ìyàwó nítorí ọkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbà á. Fún ìyá tó bá fẹ́ fi ewú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, inú mi máa ń dùn. Ewú ni ọdún tó ti lò.

Lórí ọwọ́, làálì pupa dára fún àtọmọdé àtàgbà. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú tó máa ń mú kíákíá, torí kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń jó ara. Tìróò kan tún wà lọ́jà tí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi sójú ọmọ, kódà bí ìyá yín bá fi sí tiyín nígbà kan.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ ilé-ìwé gíga ní Lọ́kọ́ja: híjàbù tó dé ìbàdí, kọ́tìnì, lórí gáùn gbòòrò tàbí bùbù. Kí abáyà jẹ́ ti ọjọ́ Jímọ̀ àti ọdún Iléyá.

Oníṣẹ́ ọwọ́, àgbẹ̀, ẹni tó ń yan gàrí tàbí tó ń ṣa kajú: ìró àti bùbá alápá gígùn, híjàbù kúkúrú tó wọnú bùbá, àti ìborùn nínú àpò fún ìrun.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́: abáyà tí wọ́n rán níbí, aláwọ̀ tó tutù, pẹ̀lú híjàbù. Kì í yẹ̀ lára, kò sì ní bá ooru kíláàsì jà.

Ìyá tó wà láàárín àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún, tí ara rẹ̀ ń gbóná lójijì: bùbù kàmpálà, láìsí àní-àní. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin: bùbù tí kò wọ́lẹ̀, tàbí ìró àti bùbá pẹ̀lú ìborùn ńlá, kí ẹ̀yin ọmọ sì fi áyà 60 sílẹ̀ fún un láti yàn fúnra rẹ̀. Tí ìdílé bá ń ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, ẹ gba aṣọ ẹbí, ẹ rán an ní gbígbòòrò, kí ẹ sì fi ohun tó ṣẹ́ kù ṣe ìborùn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju aṣọ kan lọ lọ́dún yìí, kí ó ra kàmpálà yáàdì mẹ́fà: mẹ́rin fún bùbù, méjì fún ìborùn. Kí ó sọ fún aránṣọ kí ó fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́, kí ó dúró lórí bàtà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì ká ìbú ìka mẹ́rin sínú ìṣẹ́tí, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá ga jù ú lọ lè tú u lọ́jọ́ iwájú.